Ìdáhùn kan tí mo gbé mì níbi àyẹ̀wò etí

Ọmọ mi yege àyẹ̀wò etí. Ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí tí mo ń kó bébà ìgéṣọ sí. Oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é fún un, ní Kàbbà níbí, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fi bírò pupa máàkì etí ọ̀tún, wọ́n fi búlúù máàkì etí òsì, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ pé méjèèjì dára. Ọmọ náà ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́fà báyìí. Bí mo bá dúró sẹ́yìn rẹ̀ tí mo ń pe orúkọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní yíjú.

Ẹ̀rọ wọn ò purọ́ o. Èmi ni mo purọ́.

Télọ̀ ni mí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ìyá rẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Obìnrin la kọ́kọ́ bí, ìyẹn ò fún wa ní wàhálà kankan, bóyá òun ló jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀ jù nígbà tí mo lóyún ìkejì. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni mo bí Júníọ̀. Ó ké, ó mu ọmú, wọ́n ní ká máa lọ sílé lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ kẹta ni ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí mọ irú pípọ́n tí mò ń wí. Funfun ẹyinjú rẹ̀ dà bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti pọ́n. Mo fẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìyá ọkọ mi ní ibà pọ́njú lásán ni, pé ọkọ mi gan-an ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kò kú. Ó ní ká máa gbé e sóòrùn àárọ̀, ká máa fi ewé wẹ̀ ẹ́. Oòrùn wo ni ká rí nínú oṣù Kẹsàn-án? Òjò ń rọ̀ láàárọ̀, ó ń rọ̀ lálẹ́. Màá gbé ọmọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí onígbèsè.

Ọmọ wá ń sùn ṣáá. Kò ké fún ọmú mọ́. Bí mo bá gbé e síbi ọmú, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, oorun á tún gbé e lọ. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, torí oorun ń kun èmi náà. Lóru ọjọ́ kan igbe rẹ̀ yí padà, ó ń jáde tín-ín-rín bíi ti ológbò tí wọ́n tì mọ́lé. A gbàdúrà mọ́jú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, a pa adìyẹ, ọ̀rọ̀ tán.

Mo ti gbọ́ lẹ́yìn náà pé ara pípọ́n díẹ̀ kì í ṣe tuntun fún ọmọ, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí ọmọ kò mu ọmú dáadáa mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn. Iná búlúù kan wà tí wọ́n ń gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá le jù, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Oòrùn ẹnu ọ̀nà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, pàápàá oòrùn tí kò yọ.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Júníọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí pé àwọn kan ń bọ̀ láti Ìlọrin wá yẹ etí wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí ọmọ tuntun wá, kí àgbàlagbà wá, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ariwo náà wá: àwọn onílọta, àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń fọ́ òkúta, àwọn tó ń la gẹdú. Ọkọ mi ní, “Ṣé mo jọ adití lójú ẹ ni?” Ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Èmi àti ìyá rẹ̀ la gbé ọmọ lọ.

Kíláàsì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n lò. Tábìlì àkọ́kọ́ wà fún ìbéèrè, ọmọbìnrin kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bírò. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ kúrú, orúnkún ìyá ọkọ mi kan tèmi. Ọmọbìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí. Ṣé ọmọ ké lójú ẹsẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ jẹntamáísìn? Rárá. Ṣé ara yín sú pẹ̀lú ibà nígbà tí oyún ẹ̀ wà níkùn? Rárá. Ṣé ẹnì kankan wà nínú ẹbí tí kò gbọ́rọ̀ láti kékeré? Rárá. Ṣé ojú rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ pọ́n lẹ́yìn tí ẹ bí i?

Orúnkún yẹn kò mira. Ìyá ọkọ mi kò wò mí, iwájú ló ń wò.

Mo ní, “Rárá, mà. Ara ẹ̀ le.”

Mo ti rò ó títí, ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó ní kí n purọ́. Kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí wọ́n máa bi mí tẹ̀ lé e ni pé kí la ṣe sí i, mo sì máa ní láti sọ ọ́ lójú rẹ̀, níwájú àwọn ìyá yòókù tó wà lórí ìlà, pé ewé la fi wẹ̀ ẹ́. Ó máa dà bíi pé mo ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹnì kan ti jẹ ẹ̀gbọ́n aládùúgbò wa níyà lẹ́nu ní ilé ìwòsàn nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, “ẹ̀yin ará oko” ni wọ́n ń pè é. Mi ò fẹ́ ìtìjú yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ ṣáà ti yá. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àná ṣe?

Ó fa ìlà sí “rárá”, ó ní ká bọ́ sí tábìlì kejì.

Júníọ̀ ń ké. Mo ti wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, mo fi òrí pa á dáadáa, mo sì fi èyí tó kù lọ́wọ́ mi ra inú etí rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ nù ún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òrí ń dí ẹnu ẹ̀rọ. Ó ní kí n lọ sábẹ́ igi máńgòrò, kí n fún un lọ́mú, kí n padà wá nígbà tó bá sùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń lọ: ọmọ tó yó tó sì ń sùn ni ẹ̀rọ yẹn fẹ́. Bí ọmọ bá ń ké, tàbí ó ń mu ọmú lọ́wọ́, ariwo ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ máa gbọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ méjì láyé náà, omi ìbí lè ṣì wà nínú etí rẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún gbé e padà wá. Mo rí ìyá kan lọ́jọ́ yẹn tí wọ́n ní kó padà wá, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń sunkún pé òun bí adití. Wọ́n ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo gbọ́ pé wọ́n tún ọmọ yẹn yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Tèmi sùn. Wọ́n ki nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kékeré kan bọ̀ ọ́ létí, kò tóbi ju ìka àtàǹpàkò ọmọ náà lọ. Ẹ̀rọ náà kan ń tanná lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Kò pẹ́ rárá. Etí kan, ó dára. Etí kejì, ó dára. Wọ́n fún mi níwèé, wọ́n ní kí n máa ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ọmọ yẹ kó máa ṣe ló wà níbẹ̀ láti oṣù dé oṣù: ìgbà tó yẹ kó máa ta gìrì bí ariwo bá dún, ìgbà tó yẹ kó máa yíjú síbi tí ohùn ti wá, ìgbà tó yẹ kó máa pe bàbàbà, màmàmà.

Títí di òní, ohun tó wà lẹ́yìn ìwé náà ni ìdíwọ̀n ìyá kan tó fẹ́ ran búbà: àyà 42, ìdí 46, gígùn apá 19. Èmi ni mo kọ ọ́ lé ọ̀rọ̀ wọn lórí lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mi ò rí bébà mìíràn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Kòrónà dé. Bí mo bá sọ pé Kòrónà ni kò jẹ́ kí n ṣàkíyèsí, irọ́ kejì nìyẹn. Ilé la wà, gbogbo wa, kò síbi tí a lọ, ọmọ wà lójú mi láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbọ́. Bí mo bá ti jókòó sí ìdí máṣíìnì tí mo ń tẹ̀ ẹ́, yóò rá wá láti yàrá, yóò dìde mú ẹsẹ̀ tábìlì, yóò gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pákó máṣíìnì, yóò dijú. Mo máa ń pe àwọn oníbàárà mi kí wọ́n wá wò ó. Mo ní télọ̀ ni mo bí. Bí wọ́n bá ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, á yíjú síbẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn gbà, á fò. Nígbà mìíràn, bí mo bá pàtẹ́wọ́, á wo ojú mi. Nígbà mìíràn kò ní wò mí. Mo ní olóríkunkun ni.

Nígbà tó pé ọdún kan tí kò pe nǹkan kan, ìyá ọkọ mi ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹlòmíì ní okùn ahọ́n rẹ̀ ló so. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó gé e. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹlòmíì tún ní ká máa kán òróró tí wọ́n yá lórí iná sí i létí lálaalẹ́. Oṣù kan gbáko ni mo fi kán an. Inú etí rẹ̀ wú, ó ń ṣọyún. Àwọn ọjọ́ yẹn kì í jẹ́ kí n lè jẹun bí mo bá rántí wọn. Èèyàn á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún ìṣòro ọmọ rẹ̀, á sì máa pè é ní ìtọ́jú.

Àbúrò mi obìnrin ló tú àṣírí náà. Olùkọ́ ni, ní Ìsánlú. Ó wá bá wa ṣe Àjíǹde lọ́dún 2021. Mò ń ránṣọ lọ́wọ́, Júníọ̀ jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń to àjákù àǹkárá. Àbúrò mi ti ń wò ó tipẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá máṣíìnì yẹn dúró ná.” Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó pe ọmọ jẹ́jẹ́. Ó pè é sókè. Ó mú ọmọrí ìkòkò àti ṣíbí, ó dúró lórí ibùsùn fóòmù kí ilẹ̀ má baà mì, ó lù ú gbàngbàn. Èmi fúnra mi di etí. Ọmọ ń to àjákù aṣọ rẹ̀, pupa lórí pupa, ewé lórí ewé. Àbúrò mi rìn síwájú díẹ̀, òjìji rẹ̀ bọ́ sára ògiri níwájú ọmọ. Ojú ẹsẹ̀ ló yíjú, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan. Ó rọra gbé ọmọrí ìkòkò náà sílẹ̀.

A kọ́kọ́ gba Ìlọrin lọ, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Òmù-Àrán, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ ohun tí ojú ẹni tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ máa rí. Wọ́n wo inú etí rẹ̀, wọ́n tọ́jú èyí tí òróró dá sílẹ̀, wọ́n ní àyẹ̀wò tó kàn, ẹ̀rọ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn, ká lọ sí Ìbàdàn. Ó di oṣù Kẹjọ ká tó rówó lọ. Wọ́n ní ká má jẹ́ kí ọmọ sùn lóru, kó lè sùn nígbà àyẹ̀wò. Èmi àti bàbá rẹ̀ pín òru yẹn lágogo-lágogo, à ń bu omi sí i lójú, à ń bá a ṣeré. Ó sùn nínú takisí. Ó jí nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò tún sùn mọ́ títí wọ́n fi kógbá wọlé. A padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń gbé ọmọ lọ fún irú àyẹ̀wò yìí, kí ẹnì kan jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀, kó máa yọ ọ́ lẹ́nu.

Wọ́n lẹ wáyà mọ́ iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn etí rẹ̀ méjèèjì. ABR ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò náà. Ẹ̀rọ ń rán ìró wọ etí, wáyà ń wò ó bóyá ọpọlọ gbà á. Mo ń wo kọ̀ǹpútà. Ìlà tó yẹ kó máa ga bí òkè kàn ń gbọ̀n wúyẹ́wúyẹ́ ni. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n lò ní Kàbbà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbọ́ o: ó tún yege. Etí méjèèjì, ó dára.

Mo fẹ́ bínú. Dókítà obìnrin náà ní kí n jókòó. Ó ní etí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan, ó ń gba ohùn. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà dé ọpọlọ ló ti bàjẹ́. Ó ní kí n rò ó bíi rédíò tí kò mú stéṣọ̀n, tó kàn ń hó ṣàà. Lọ́jọ́ kan èèyàn á gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, lọ́jọ́ kejì kò ní gbọ́ nǹkan kan. Èyí tó ń ṣe pẹ̀lú máṣíìnì mi, ó ní ara ló fi ń gbọ́ ọ, ìmìtìtì pákó ló ń wá kàn.

Ó wá bi mí, “Mà, ṣé ara ẹ̀ pọ́n nígbà tí ẹ bí i?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó pọ́n gan-an?”

Mo ní dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ó ní, “Ṣé wọn ò bi yín níbi àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni?”

Ọkọ mi yíjú sí mi. Kò mọ̀ rí pé wọ́n bi mí.

Ohun tó wà nínú ara pípọ́n tó le ni pé ó lè wọ ọpọlọ, ibi tí ohùn ń gbà kọjá sì wà lára ibi tó máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó bá ti pọ́n gan-an kò fi gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rọ kékeré nìkan. Dókítà tún bi mí nípa kánfọ̀. Mo rántí. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò ni mo kó jáde fún un. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti wà nínú àpótí pẹ̀lú kánfọ̀, mi ò fọ̀ wọ́n, mi ò sá wọn, mo kàn gbọ̀n wọ́n jáde ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan wà tí kì í gba kánfọ̀, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, òórùn rẹ̀ lásán lè mú kí ẹ̀jẹ̀ náà máa fọ́, kí ara pọ́n kọjá ààlà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Irú ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ní.

Mi ò tíì sọ ti kánfọ̀ fún ìyá ọkọ mi. Òun ló kó o sínú àpótí náà. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀.

Dókítà sọ ohun kan tó ń dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní ohun tí wọ́n máa ń fẹ́ ni kí wọ́n yẹ ọmọ wò kó tó pé oṣù kan, kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é gan-an kó tó pé oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́ kó tó pé oṣù mẹ́fà, torí ọpọlọ ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni kó tó máa wá èdè. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì, kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bóyá ti ẹnu, bóyá ti ọwọ́. A gbìyànjú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń fi sẹ́yìn etí. Ó máa ń wúlò fún àwọn kan tó ní irú ìṣòro yìí. Kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún un, àfi kó máa já a sọnù. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ sínú etí wà, owó rẹ̀ kọjá ohun tí a lè tà. Ẹ̀dùn ọkàn yẹn tún jẹ wá lásìkò: oṣù mẹ́jọ la fi ń wá owó, à ń wá ìyanu, a ò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Àbúrò mi ló tún pariwo mọ́ wa pé ká yéé dúró, ká bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀. “Omi” ni àkọ́kọ́. Ọjọ́ tó béèrè omi lọ́wọ́ mi, mo fún un ní kọ́ọ̀bù mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn.

Ó wà ní Ìlọrin báyìí lọ́dọ̀ ìbátan wa kan, ó ń lọ síléèwé àwọn ọmọ tí kì í gbọ́rọ̀. Ìyẹn náà ní tirẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn mìíràn tún wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́. Ọjọ́ kẹta oṣù yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ etí, nítorí náà ìgbà yẹn ni irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀. Mo ní mo fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́, kí n máa to àwọn èèyàn sórí ìlà, kí n máa túmọ̀ fún àwọn ìyá àgbà. Wọ́n kọ́kọ́ kó ẹ̀rọ sí yàrá tó kọjú sí títì. Ọmọ mẹ́fà léra léra ni ẹ̀rọ ní kó padà wá. Ọ̀kadà ló ń kọjá. A kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo kó aṣọ fèrèsé oníbàárà kan wá, mo fi bo gbogbo ojú fèrèsé. Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fà náà yege.

Mo fi ipá mú ìyá ọkọ mi lọ. Wọ́n fi iná wo etí rẹ̀, wọ́n pe ara wọn wá wò ó. Ìyẹ́ adìyẹ ló ti fi ń ro etí láti ìgbà ọmọge, àìpẹ́ yìí ló bọ́ sórí kọ́tìnbọ́ọ̀dù. Òwú orí kọ́tìnbọ́ọ̀dù kan wà nínú etí ọ̀tún rẹ̀, ìdọ̀tí etí ti dì yí i ká bí amọ̀. Wọ́n fún un lóògùn tó ń kán sí i fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n wá fọ̀ ọ́ jáde. Ìró àkọ́kọ́ tó gbọ́, ó ní, “Ta ló ń pariwo tó báyìí?” Ẹ̀rọ amúlétutù ni. Ìyókù, ti ogbó ni, ìyẹn ò ní padà. Wọ́n kọ́ wa pé kí á yéé pariwo mọ́ ọn, ká wá síwájú rẹ̀ níbi tí iná wà, ká rọra sọ̀rọ̀, ká fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ ọ́. Ọdún mẹ́wàá la ti ń pariwo.

Ti ọkọ mi ni mi ò retí. Láti Ìbàdàn, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, mo rò pé ó ń bá mi bínú ni. Mo lè ní, “Fìlà yín dà?” kó ní, “Ìlà kí ni?” Mo ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá síbi àyẹ̀wò láti ibi iṣẹ́ tààrà, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní kó sinmi ariwo fún wákàtí 14, torí etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ariwo bọ̀ máa ń kú fúngbà díẹ̀. Ó padà wá láàárọ̀. Wọ́n yà á sórí bébà: ìlà rẹ̀ ń lọ dáadáa níbi ohùn ńlá, ó dé ibi ohùn tín-ín-rín, ó jábọ́ bí ẹni tó já sí kòtò. Wọ́n ní bí ariwo ṣe máa ń jẹ etí nìyẹn. Fìlà di ìlà, torí “f” wà nínú kòtò.

Wọ́n ní ariwo tó tó 85 lórí òṣùwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, wákàtí 8 ni etí lè fara dà á. Bó bá di 88, wákàtí 4. Bó bá di 91, wákàtí 2. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú kọjá ìyẹn. Bí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ wò ó báyìí: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ariwo yẹn ti ń jẹ yín. Òwú tímùtìmù tó máa ń kì sétí kò ṣe nǹkan kan. Fóòmù kékeré ni wọ́n fún un. Èèyàn á fi ìka yí i títí á fi tín-ín-rín, á gba ẹ̀yìn orí fi ọwọ́ kejì fa etí sókè, á kì í bọ̀ ọ́, á dì í mú títí á fi wú. Ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun ò gbọ́ ọ̀gá òun. Wọ́n wá fi ọwọ́ ṣe àmì láàárín ara wọn. Júníọ̀ ló kọ́ ọ ní méjì nínú àwọn àmì náà.

Ọjọ́ kejì ètò náà ni mo rí ohun tó wà lábẹ́ tábìlì. Àpótí dúdú kan. Mo bi nọ́ọ̀sì pé kí ló wà níbẹ̀. Ó ṣí i: ẹ̀rọ kan àti wáyà mẹ́ta. Ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó kéré. Ó ní wọ́n kì í lò ó fún gbogbo ọmọ torí ó máa ń gba àsìkò. Ó fi ìwé ìbéèrè hàn mí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó bèèrè bóyá ara ọmọ pọ́n, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n lo èyí tó wà nínú àpótí. Mo bi í bóyá àwọn tó wá lọ́dún 2019 náà ní irú rẹ̀. Ó ní òun ò bá wọn wá, ṣùgbọ́n irú ìwé kan náà ni wọ́n máa ń lò.

Mo jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

Nígbà tí mo padà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó sí tábìlì ìbéèrè. Mo kọ́kọ́ gbé bẹ́ǹṣì kúrò, mo fi àga kan ṣoṣo síbẹ̀. Bí ìyàwó ilé bá ti gbé ọmọ wọlé pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀, màá dìde, màá kúnlẹ̀ kí ìyá náà, màá ní, “Ọ̀kun, Màmá. Àwọn àgbà la ń kọ́kọ́ dá lóhùn o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wo etí tiyín ní yàrá kejì ká tó kan ọmọ.” Kò sí ìyá àgbà tó kọ̀. Inú wọn máa ń dùn. Màá tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, màá padà wá jókòó, màá bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mi ò bi í pé ṣé ara ọmọ pọ́n. Mo ń sọ pé, “Tèmi pọ́n dé àtẹ́lẹsẹ̀. Tìẹ ńkọ́, ibo ló pọ́n dé?”

Ọmọbìnrin kan láti ọ̀nà Bùnú, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ní yàrá kejì, wọ́n ń fi iná wo etí rẹ̀.

Ó ní, “Dé orúnkún, mà.”

Mo fa ìlà sí “bẹ́ẹ̀ ni”, mo tún un fà, bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé náà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa àpótí dúdú jáde.